Orin Kọ́ńtírì Tó Ń Sọ Ohun Tí Kò Lè Ṣẹlẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Irú orin wo là ń sọ gan-an?

Orin kọ́ńtírì jẹ́ orin àwọn ará oko àti ará ìlú kéékèèké ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ló sì di ibùjókòó rẹ̀. Ẹkún ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́: ìyàwó ti kó ẹrù lọ, owó ti tán, ọtí ló kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn orin ẹkún yìí, irú kan wà tó jẹ́ pé olórin á gbé gìtá kọ́rùn, á dúró gbọn-in, á wá máa ròyìn ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láyé yìí bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù. Ọkùnrin kan di bàbá àgbà ara rẹ̀. Òmíràn jí odidi mọ́tò kan díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí oúnjẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Orin yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo orin kọ́ńtírì, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá kà á sí ohun tí wọ́n fi ń kún àárín àwo orin. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹni tó bá rò pé ẹnu tó bá ṣáà ti lè sọ kántankàntan lè kọ ọ́, kó mú bírò, kó gbìyànjú ẹsẹ̀ méjì péré.

Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀rọ̀ wèrè?

Wèrè kì í rántí ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan. Orin yìí ń rántí. Ó máa ń fi irọ́ kan ṣoṣo lélẹ̀, tàbí ohun kan tó ṣọ̀wọ́n, gbogbo ohun tó bá sì tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ bá ohun àkọ́kọ́ yẹn mu láìyẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé I'm My Own Grandpa yẹ̀ wò, èyí tí Dwight Latham àti Moe Jaffe kọ, tí Lonzo àti Oscar sì kọ sínú àwo lọ́dún 1947. Ọkùnrin kan fẹ́ opó. Opó náà ní ọmọbìnrin kan tó ti dàgbà. Bàbá ọkùnrin yìí rí ọmọbìnrin náà, ó wù ú, ó gbé e níyàwó. Títí dé ibí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò èyíkéyìí. Ó wá yá, ẹ máa bá mi ṣírò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ọmọ ìyàwó rẹ̀, nítorí náà bàbá rẹ̀ ti di àna rẹ̀, ọkọ ọmọ. Ọmọ ìyàwó rẹ̀ ti di ìyàwó bàbá rẹ̀, nítorí náà ìyá rẹ̀ ni. Òun àti opó bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ yìí jẹ́ àbúrò fún ìyàwó bàbá, ìyẹn ni pé ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé jó ti di àbúrò ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà bí ọmọkùnrin. Ìyẹn jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó wá ku opó tó fẹ́. Opó ló bí ìyá rẹ̀, ìyá àgbà rẹ̀ sì nìyẹn. Ta ni ọkọ ìyá àgbà? Bàbá àgbà ni. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò sí ibì kan tí ẹ lè nawọ́ sí pé ibí ni ó ti purọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rín rẹ̀ fi jinlẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá tilẹ̀ rọ́wọ́ mú níbi orin yìí ju àwọn tó ni ín lọ. Ará Amẹ́ríkà ní láti rọ ara rẹ̀ kó tó gbà pé ìyàwó tí bàbá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹ́ ìyá òun. Nínú agbo ilé tiwa, ìyàwó bàbá ẹni, ìyá ẹni ni, ìbáà ṣe lánàá ni wọ́n gbé e wọlé, ìbáà sì jẹ́ ẹni tí a jù lọ́jọ́ orí. A ti gba ìdajì orin náà gbọ́ kí olórin tó ya ẹnu.

Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń kọ irú orin báyìí?

Ó ti pẹ́. Àwọn tó ṣí láti Bìrìtìkó lọ sí orí òkè Appalachia kó àwọn orin irọ́ ayé àtijọ́ dání, irú èyí tó ń ròyìn àgbò kan tí ìwo rẹ̀ ga débi pé kò sẹ́ni tó lè rí góńgó orí rẹ̀. Ní ọdún 1848, wọ́n tẹ Oh! Susanna tí Stephen Foster kọ. Tọmọdé tàgbà ló mọ ohùn rẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ ní ẹsẹ̀ àkọ́kọ́: òjò rọ̀ ní gbogbo òru lọ́jọ́ tí mo gbéra, ojú ọjọ́ sì gbẹ táútáú; oòrùn mú débi pé òtútù pa mí kú. Tó bá ti kú, ta ló wá ń kọrin lọ bá Susanna? Orin náà ò dáhùn, kò sì dúró.

Mi ò lè fi ibí sílẹ̀ láìsọ ìyókù. Orí ìtàgé àwọn aláwọ̀ funfun tó kun ojú wọn dúdú láti fi àwọn ẹrú ṣẹ̀sín ni orin náà ti gbajúmọ̀. Ẹsẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ látètèkọ́ṣe tó ń fi ikú àwọn èèyàn dúdú ṣe ẹ̀fẹ̀, tó sì pè wọ́n ní orúkọ èébú. Àwọn tó ń kọ ọ́ fún ọmọdé lónìí ti yọ ọ́ kúrò. Báńjò tó wà lórúnkún ẹni tó ń kọrin náà sì rèé, ohun èlò tó ti Áfíríkà wá ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ sọdá òkun. Ẹni tó bá ń gbádùn orin kọ́ńtírì gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Ta ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí?

Roger Miller ni, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ìlú Fort Worth ní Texas ni wọ́n bí i sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1936, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, agbára ìyá rẹ̀ ò sì ká ọmọ mẹ́ta. Ni wọ́n bá pín àwọn ọmọ náà fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá wọn. Erick ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ni ti Roger bọ́ sí, ìlú kékeré tó wà láàrin oko òwú. Ó ká òwú, ó rìn lọ sílé ìwé, ó ń hun ọ̀rọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní gìtá níbẹ̀ ni Sheb Wooley, ọkọ ọmọ ẹbí rẹ̀, tó tún ra fáólìn fún un. Sheb Wooley yìí kan náà ló wá kọ Purple People Eater lọ́dún 1958, orin nípa ẹ̀dá olójú kan, oníwo kan, tó ń fò lójú ọ̀run, orin náà sì gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí tọ́ ọ̀gá méjì dàgbà nídìí ìsọkúsọ. Mo máa ń rò ó títí.

Nígbà tí Miller kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó gba Nashville lọ, ó ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń gbé ẹrù àwọn àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì Andrew Jackson, ó sì ń kọrin fún ẹni tó bá wọ ẹ̀rọ agbéniròkè. Ọdún 1964 ni Dang Me gbé e jáde. Ẹ fojú inú wo ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan jókòó ti ọtí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ra ọtí yíká, òun nìkan ló ra márùn-ún níbẹ̀. Ó ti ná owó oúnjẹ ilé, ó ti ná ìdajì owó ilé. Ó wá ní ó ku dọ́là mẹ́rìnlá kí òun tó ní sẹ́ǹtì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ku dọ́là 14 kó tó ní sẹ́ǹtì 27, gbèsè dọ́là 13 àti sẹ́ǹtì 73 ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó lè sọ pé òun jẹ gbèsè, kó pin síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀mùtí á gba ọ̀nà ẹ̀yìn, á fi sẹ́ǹtì díẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ń lọ bá. Gbólóhùn kan yẹn gbé gbogbo ìwà ọkùnrin náà síta. Ilé ni ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú ọmọ ìkókó. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó rántí ọmọ ìkókó náà. Kò wàásù fún wa.

Láàrin ọdún méjì, àmì ẹ̀yẹ Grammy mọ́kànlá ló gbà, márùn-ún lọ́dún 1965, mẹ́fà lọ́dún 1966. Ọdún 1966 náà ló kọ orin tó ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò lè fi bàtà onítáyà sáré láàrin agbo ẹfọ̀n. Ó ka àwọn ohun mìíràn tí kò ṣeé ṣe kalẹ̀: èèyàn ò lè wẹ̀ nínú àgò ẹyẹ ayékòótọ́ kékeré, kò lè pẹja nínú oko bàrà. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ó á ní ṣùgbọ́n inú rẹ lè dùn tí o bá fẹ́ kó dùn. Kò ṣàlàyé ohun tó so ẹfọ̀n mọ́ inú dídùn. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ìtẹ́lọ́rùn, kò sí èyí tó tètè wọlé sí mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Jim Reeves nìkan la mọ̀ nílé wa. Ṣé ó kan òun?

Ó kàn án dáadáa! Ohùn Jim Reeves ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà; àwọn òbí wa ń gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n ń gbọ́ ọ nígbà Kérésìmesì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ti kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú lẹ́bàá Nashville ní July 1964. A kà á sí olórin ìfẹ́ àti olórin ẹ̀mí. Ẹ wá ohun tó ń jẹ́ Billy Bayou jáde láàrin àwọn orin rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1958, tó sì gun òkè téńté láàrin orin kọ́ńtírì. Roger Miller ló kọ ọ́.

Ọmọ onírun pupa kan ní Louisiana ni ìtàn náà dá lé. Àwọn òbí rẹ̀ wá orúkọ tí, kò sí èyí tó bá a mu. Ọmọ náà tóbi ju bó ṣe tóbi lọ, Miller ló sọ bẹ́ẹ̀, Jim Reeves sì fi ohùn tó fi ń kọrin ìsìn kọ ọ́ láìmira. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó ja ogun Little Bighorn, ogun gidi tó wáyé lọ́dún 1876. Ó tún lọ halẹ̀ mọ́ Geronimo, jagunjagun olókìkí ẹ̀yà Apache, díẹ̀ ló kù kó fi ẹ̀mí dí i. Ní ìkẹyìn, arẹwà obìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Kò mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun sá, nítorí pé kò sì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ó di ọkọ ìyàwó.

Ẹni tó bá ní àwo Jim Reeves nílé, ó ṣeé ṣe kó ti máa gbọ́ ìsọkúsọ Roger Miller láti ìgbà èwe rẹ̀. Ohùn náà tutù débi pé kò fura.

Johnny Cash tí ojú rẹ̀ máa ń le yẹn náà ńkọ́?

Òun gan-an ló kọ méjì nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Èkíní ni A Boy Named Sue. Shel Silverstein ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ Chicago tó ń kọ ìwé àwọn ọmọdé, tó sì ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù February ọdún 1969, Cash wọ ẹ̀wọ̀n San Quentin ní California láti kọrin fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Orin náà ṣì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé inú ìwé ló ti ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ nínú àwo yẹn, ẹ̀rín àwọn ẹlẹ́wọ̀n gidi ni.

Ìtàn náà rèé: bàbá kan sá kúrò nílé nígbà tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Gìtá kan àti òfìfo ìgò ọtí ló fi sílẹ̀, àti orúkọ tó sọ ọmọkùnrin náà: Sue, orúkọ obìnrin. Ọmọ náà ń jà láti kékeré títí ó fi dàgbà, nítorí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Ó búra pé ọjọ́ tí òun bá rí bàbá yẹn, òun á pa á. Ó rí i nílé ọtí ní Gatlinburg. Wọ́n jà nínú ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀, bàbá gé e létí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó yìnbọn, bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: mo mọ̀ pé mi ò ní wà nílé tọ́ ọ, mo mọ̀ pé ayé le, ni mo ṣe sọ ọ́ lórúkọ tó máa sọ ọ́ di akọ. Ọmọ ju ìbọn sílẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní òun ti yí èrò òun padà, ṣùgbọ́n bí òun bá bí ọmọkùnrin, orúkọ tó bá wù ú kó jẹ́, àfi Sue.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ la wí. Bàbá yìí náà wo ilé: ó wo ilé tó fẹ́ sá kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi ohun tó rí sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí èyí ni orin náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́ lásán létí ọmọ Yorùbá. A mọ̀ pé orúkọ ń ro ni. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún lè sunkún níbẹ̀.

Èkejì ni One Piece at a Time tí Wayne Kemp kọ, tí Cash gbé jáde lọ́dún 1976. Ọmọ Kentucky kan gba Detroit lọ lọ́dún 1949 láti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò Cadillac. Ojoojúmọ́ ló ń wo mọ́tò olówó ńlá tó ń kọjá lọ, ó mọ̀ pé owó òun ò lè ká a láéláé. Ó wá pinnu láti máa jí i jáde, ẹ̀yà kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn nǹkan kékeré ń wọ àpótí oúnjẹ. Èyí tó tóbi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ilé onítáyà ń bá a kó o. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tò ó pọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilé iṣẹ́ ń yí àrà mọ́tò padà lọ́dọọdún. Gíá jẹ́ ti ọdún 1953, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti 1973, ihò bóòtù kankan ò bá ara wọn mu. Iná iwájú méjì wà lápá òsì, ẹyọ kan lápá ọ̀tún. Apá ìdí mọ́tò ní ìyẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n lọ gba ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, gbogbo òṣìṣẹ́ ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì wúwo tó ọgọ́ta pọ́ńnù.

Olè ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí kò lè rà rí, ọ̀rọ̀ orin náà yé e ju ẹ̀rín lọ.

Kí ló dé tí àwọn olórin yìí kì í rẹ́rìn-ín?

Torí bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó ti tán. Irọ́ tí ẹni tó ń pa á bá ti fẹyín sí kì í dà bí òótọ́ mọ́. Minnie Pearl, obìnrin aláwàdà tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Sarah Ophelia Colley, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lọ́dún 1940 ní Grand Ole Opry, ètò orin kọ́ńtírì orí rédíò ní Nashville. Ó ń wọ fìlà koríko tí ìwé iye owó rẹ̀, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 98, ṣì ń já lálá lára rẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣé wọ́n máa ń fi orin kọ́ńtírì fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló sì ń ṣe é. Homer àti Jethro, ọkùnrin méjì tó pàdé ní ìlú Knoxville ní Tennessee, fi gbogbo ayé wọn yí ọ̀rọ̀ orin ẹlòmíràn padà, wọ́n sì gba Grammy fún ọ̀kan nínú wọn tó jáde ní 1959. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọ̀jáfáfá ni wọ́n nídìí ohun èlò olókùn. Jethro wà lára àwọn tó mọ mandolin, ohun èlò olókùn kékeré tó jọ gìtá, ta jù ní Amẹ́ríkà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni You Never Even Called Me by My Name, tí Steve Goodman kọ, tí David Allan Coe gbé jáde lọ́dún 1975. Nígbà tí orin ń lọ, Coe dáwọ́ dúró, ó sọ̀rọ̀. Ó ní Goodman kọ̀wé sí òun pé orin yìí ni orin kọ́ńtírì tó pé jù láyé. Òun wá fèsì pé kò pé rárá, nítorí kò mẹ́nu kan màmá, kò mẹ́nu kan ọkọ̀ ojú irin, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù, kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí ọtí àmupara. Goodman padà lọ jókòó, ó kọ ẹsẹ̀ kan sí i: ọtí ń pa mí lọ́jọ́ tí màmá mi jáde lẹ́wọ̀n, mo fi ọkọ̀ akẹ́rù lọ gbé e nínú òjò, àmọ́ kí n tó débẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ohun márààrún ló wọlé sínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì bá ohùn mu. Ẹ gbìyànjú irú rẹ̀ wò kí ẹ tó pè é ní ìranù.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi ìsìn ṣeré?

Mo gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn èèyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni Mississippi Squirrel Revival, orin Ray Stevens ti ọdún 1984. Ọmọdékùnrin kan mú ọ̀kẹ́rẹ́ kan, ó fi sínú páálí bàtà, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Pascagoula lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́. Ó wọ inú ṣòkòtò ọkùnrin kan, ọkùnrin náà fò sókè, àwọn ará gbà pé ẹ̀mí ló gbé e. Ó kọjá sára arábìnrin kan tó jẹ́ pé ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn ló máa ń rò. Kíá, arábìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, ó sì ń dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ dá a. Kí ọjọ́ náà tó parí, díákónì méje àti pásítọ̀ ti gba ìgbàlà, wọ́n ti dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dọ́là, àádọ́ta èèyàn sì ti fa ara wọn kalẹ̀ láti lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Kóńgò.

Mi ò rí ibi tó ti bú Ọlọ́run. Àgàbàgebè ló gbá mú. Ẹni tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé ló máa gbádùn rẹ̀ jù, torí ó mọ arábìnrin yẹn.

Ṣé gbogbo wọn ló dára?

Rárá. Ray Stevens yìí kan náà kọ Ahab the Arab lọ́dún 1962, níbi tó ti ń fi èdè àwọn Lárúbáwá ṣe wuruwuru lẹ́nu láti fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín níbẹ̀ kò sí nílé láti dáhùn. Àwọn tó dára nínú orin yìí máa ń fi ẹni tó ń kọ ọ́ ṣe ẹran ẹ̀fẹ̀: òun ni ọ̀mùtí, òun ni olè mọ́tò, òun ni ẹni tí bàbá sọ ní Sue. Àwọn tí kò dára máa ń na ìka sí ẹlòmíràn. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo wọn nìyẹn.

Ṣé ọmọdé lè gbọ́ ọ?

Ọ̀pọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹfọ̀n àti ọ̀kẹ́rẹ́ ò léwu. Èyí tí ọtí àti ìjà pọ̀ nínú rẹ̀, kí òbí kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣé a lè kọ irú rẹ̀ ní Yorùbá?

A lè kọ ọ́, ó sì yẹ ká kọ ọ́, àwa tí a bí sínú àlọ́, tí ìjàpá wa ti ń wọ ìjàngbọ̀n tí kò ṣeé gbọ́ láti ayébáyé. Ẹ mú ohun kan tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wá jẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan gba èyí tó wà lókè rẹ̀ gbọ́ pátápátá. Mo kọ èyí fún àpẹẹrẹ:

Ewúrẹ́ láńlọ́ọ̀dù jẹ owó ilé mi lórí tábìlì.
Mo ní kó san án padà, ó ní òun ò ní àpò.
Mo rán àpò fún un, àpò aláwọ̀ ewé,
Ó jẹ àpò náà tán, ó ní ṣé ó ku òmíràn.
Láńlọ́ọ̀dù dé, ó ní owó òun dà?
Mo ní inú ewúrẹ́ yín ló wà, ẹ kan ilẹ̀kùn.
Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ewúrẹ́ ní ta nìyẹn?
Látọjọ́ náà, àwa méjèèjì là ń san owó ilé fún ewúrẹ́.

Ewúrẹ́ a máa jẹ owó, ẹni tó bá sin ín mọ̀. Kò ní àpò, òótọ́ ni. Ewé ni oúnjẹ rẹ̀, àpò aláwọ̀ ewé kò sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó bá ti wà nínú rẹ̀, ó ti di ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá sì ní owó lọ́wọ́ là ń san owó ilé fún. Bí mo bá fi ìbaaka tó ń fò sí ìlà karùn-ún, ẹ ò ní rẹ́rìn-ín mọ́, torí ìbaaka náà ò tinú nǹkan kan jáde. Ẹ tún kíyè sí i pé èmi tí mò ń kọ ọ́ ni ewúrẹ́ rẹ́ jẹ. Ohùn tí ẹ máa fi kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn orin ìbànújẹ́, kí gìtá máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín lórí ìtàgé.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Jim Reeves, torí etí yín ti mọ ohùn rẹ̀: Billy Bayou ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, Dang Me. Gẹ̀ẹ́sì Roger Miller máa ń yára, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú yín kí ẹ máa fojú bá a lọ. A Boy Named Sue ló kàn, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n San Quentin, kì í ṣe òmíràn, torí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ìdajì adùn rẹ̀. Ẹ fi I'm My Own Grandpa sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹbí bá péjọ, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání, torí ó dájú pé ẹnì kan á ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.